Láàárín Igbe àti Fèrèsé

Òfin ìlú òyìnbó yìí ní ohunkóhun tí àwa méjìlá tí kóòtù pè láti dá ẹjọ́ bá bá ara wa sọ nínú yàrá júrì, inú yàrá náà ni kó kú sí. N kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, n kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ síbì kankan. Ó dáa. Mo ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ torí ẹ̀ mú mi, ilé mi kò jìnnà sí Peckham Rye, kó wá kan ilẹ̀kùn. Inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi.

Hàlímọ̀tù ni orúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, ọdún kọkànlá rèé. Iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi ní ohun kan nípa ojú ọmọ aráyé. Bí ọkọ̀ bá fara kan oníkẹ̀kẹ́ lójú títì, gbogbo èrò ni yóò ní àwọn rí i. "Mo rí i! Mo rí i kòrókòró!" Wọn kò rí nǹkan kan. Orí fóònù ni ojú gbogbo wọn wà. Wọ́n gbọ́ gbì, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ẹni tó ti ṣubú, ọkàn wọn sì bá wọn ya àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ o. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń fi kún un ni. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti kọ ìròyìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kámẹ́rà ọkọ̀ sì sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà júrì dé, mo ní wọ́n ti pe ẹni tó yẹ kí wọ́n pè. Kí n má purọ́, inú mi tilẹ̀ dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì láìjí ní ìdájí, láìsí èrò tó máa bú mi nítorí pé ìjọba ti dí ọ̀nà.

Ẹjọ́ tí wọ́n gbé ka iwájú wa kò gùn. Ọmọ ogún ọdún ni Habeebullah, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó máa ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Rye Lane. Ìjọba ní lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó la nǹkan mọ́ ọkùnrin kan lórí ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba fóònù rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kú, àmọ́ kò rántí ohunkóhun nípa ọjọ́ náà. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Habeebullah ní òun ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni, òun bá ọkùnrin náà nílẹ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wá fóònù lápò rẹ̀ kí òun fi pe ambulance, torí iná fóònù ti òun ti tán. Àfi bí ẹnì kan ṣe ké "Olè!" látòkè. Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó sá. Wọ́n mú un ní igun ọ̀nà, fóònù ọkùnrin náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà, Alhájì Ṣàmsúdéènì, télọ̀ ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí yàrá iṣẹ́ wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí fèrèsé wọn sì kọjú sí ọ̀nà tóóró yẹn gan-an. N kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba Al-Kùránì, wọ́n búra. Òyìnbó ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lọ rèé: "Mo ń kírun Àlàásárì lọ́wọ́. Mo gbọ́ igbe, igbe ńlá. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọmọ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkùnrin náà, ọwọ́ ẹ̀ wà lápò rẹ̀. Mo pariwo, ó sá."

Lọ́yà ọmọ náà bi wọ́n léèrè nípa ojú wọn. Ojú wọn dára, télọ̀ ni wọ́n, wọ́n ṣì ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ó bi wọ́n nípa oòrùn, ó bi wọ́n bí fèrèsé ṣe jìnnà tó sílẹ̀. Ó ní, ṣé ẹ rí i nígbà tó gbá ọkùnrin náà? "Rárá," ni Alhájì wí, "ṣùgbọ́n ta ló tún kù?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà jókòó.

Mo ń retí pé ẹnì kan máa bi wọ́n nípa ìrun. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Lójú gbogbo wọn, "mo ń kírun lọ́wọ́" dà bí "mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́", kéèyàn kàn gbé abọ́ sílẹ̀ kó yọjú síta. Èmi tí mò ń kírun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti kábàrá fún ìrun, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbi tó máa forí kàn. Bí igbe bá ta létí rẹ̀, yóò parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, yóò sálámà sọ́tùn-ún, yóò sálámà sósì, kó tó yíjú. Ráká mẹ́rin, ìdìde àti ìforíkanlẹ̀ ìgbà mẹ́rin, sì ni Àlàásárì. Ráká wo ni Alhájì wà nígbà tí igbe yẹn wọlé? Bó bá jẹ́ ìkẹrin, ó dáa. Bó bá jẹ́ ìkíní tàbí ìkejì, baba arúgbó tó rọra ń dìde, tó rọra ń wólẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lè ti kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó gbá ọkùnrin náà lórí á ti dé ibùdó Peckham Rye, á ti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Gbogbo ẹjọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé Habeebullah kọ́ ni Alhájì rí. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé, láti ìgbà tí wọ́n gbọ́ igbe ọkùnrin náà dé ìgbà tí wọ́n wo fèrèsé, báwo ló ṣe pẹ́ tó?

Adájọ́, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ti sọ fún wa láti ọjọ́ kìíní pé bí ìbéèrè bá wà lọ́kàn wa, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, òun á wò ó bóyá ó yẹ kí a bi ẹlẹ́rìí. Kí Alhájì tó kúrò níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó kọjú sí wa, ó ní ṣé kò sí. Mo ti kọ ọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi: "Ṣé ẹ kọ́kọ́ parí ìrun yín kí ẹ tó wo ìta?" Mo ká a sí méjì. Mo ká a sí mẹ́rin. Mo jókòó lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi kí n tó bú ara mi. Baba náà tó bàbá tó bí mi lọ́mọ. Kí n wá ní kí wọ́n bi wọ́n níwájú òyìnbó bóyá wọ́n já ìrun wọn tàbí wọn kò já a? Létí tèmi, ó ń dún bí ẹni pé mò ń wádìí bóyá ìrun àgbàlagbà pé tàbí kò pé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo sì wọ híjáàbù nínú àwa méjìlá, mo ń wò ó pé wọ́n á ní, hẹn, ó ti gbé ẹ̀sìn dé. Akọ́dà mú Alhájì jáde. Ilẹ̀kùn pa dé.

Yàrá júrì kò tóbi ju yàrá ìdáná mi lọ. Tábìlì kan, àga méjìlá, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Wọ́n ti gba fóònù wa. N kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà mo fi àdúgbò oníkálukú pè é lọ́kàn mi, bí mo ṣe máa ń ṣe fún èrò ọkọ̀ mi. Bàbá Sydenham ni a yàn ṣe aṣáájú, òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ méjì. Ọmọbìnrin Forest Hill kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wùmí nìkan ni mo mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, láti ọjọ́ kìíní ló sì ti ń pè mí ní Aunty.

Bàbá Sydenham ní kí a kọ́kọ́ dìbò. Ẹni mẹ́sàn-án ní ọmọ náà jẹ̀bi. Èmi, Wùmí àti ọmọbìnrin Forest Hill ní kò dá wa lójú.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìrun, mo sọ ti àwọn èrò bọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ gbì kí wọ́n tó rí. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá Sydenham gbọ́ mi tán, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ìwé náà. Ó ní, "Ó sọ pé òun wo fèrèsé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

"Wọn ò sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀," mo ní.

"Madam, ó wà nínú ìwé mi."

A yẹ ìwé àwọn tó kù wò. Ẹni mẹ́rin ló kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" nínú ìkankan. Mo ní kí a kọ̀wé sí adájọ́, kó ka ohun tí Alhájì sọ gan-an fún wa. Mo wá fi ìbéèrè tèmi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí mo ti jókòó lé. Wọ́n dá wa padà sínú kóòtù. Adájọ́ ka àkọsílẹ̀: mo ń kírun, mo gbọ́ igbe, mo wo ojú fèrèsé. Kò sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó wá ní ní ti ìbéèrè kejì, ẹ̀rí ti parí, a kò lè pe ẹlẹ́rìí kankan padà mọ́, kí a má sì méfò lórí ohun tí a kò gbọ́. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún. Alhájì lè máa rán ṣòkòtò lọ́wọ́ ní Peckham ní wákàtí yẹn gan-an, ìdáhùn sì wà lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ kan péré, òfin sì ní ọ̀nà ti dí.

Nígbà tí a padà sínú yàrá, mo rò pé Bàbá Sydenham á ní òun ṣàṣìṣe. Ó ní, "Ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn." Ìyẹn kọ́ ni ohun tí Alhájì ní lọ́kàn!

"Ìwọ lò ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un," ó ní, "adájọ́ sì ní kí a má méfò."

"Ẹ̀yin náà ń fi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kún un," mo ní. Ohùn mi ti ń lọ sókè. "Èwo nínú méjèèjì ni kì í ṣe àfikún? Adájọ́ ní ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú. Bí a ò bá mọ ohun tó wà láàárín igbe àti fèrèsé, a ò mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀, kí ló wá dá a lójú?"

Ọkùnrin kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì ní ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ igbe á yọjú wò, ó ní òun fúnra òun á yọjú. Mo ní, "Sir, ṣé ẹ máa ń kírun?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ẹ ṣé."

N kì í dákẹ́ bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti di méje sí márùn-ún. Mo wọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìrètí. Tàjùdéèn ọkọ mi gbé oúnjẹ fún mi, ó ní, "Báwo ni kóòtù?" Mo ní ó dáa. Ó ní kí ló dé tí mò ń mi orí níbi tí mo jókòó sí. Mo ní kò sí.

Lọ́jọ́ kejì ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Adájọ́ pè wá, ó ní bí àwa méjìlá kò bá lè fẹnu kò, òun á gba ti ẹni mẹ́wàá. Ojú tí wọ́n fi wo ara wọn nígbà tí a padà, mo ti rí irú rẹ̀ lójú èrò tó mọ̀ pé ibi tí òun ti máa bọ́ sílẹ̀ ló kàn. Ẹnì kan ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Ẹlòmíràn ní òun ti san owó ìrìn-àjò. Wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ìrun mọ́, wọ́n ti padà sórí ọ̀rọ̀ fóònù ọkùnrin náà. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sá. Fóònù, ó sá, fóònù, ó sá. Ẹni méjì tí mo ti fà mọ́ra lọ́jọ́ kìíní padà sẹ́yìn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lójú mi.

Mo yíjú sí Wùmí. Ìbò rẹ̀ ló kù tí wọ́n ń wá. Mo fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀. "Wùmí, jọ̀ọ́. Estate ìjọba lo dàgbà sí. Bí wọ́n bá ké olè lé ọmọkùnrin dúdú lórí ní Rye Lane, ṣé ó máa dúró kó máa ṣàlàyé?"

"My brother did," ó ní. "Aunty, wọ́n ké lé òun náà. He didn't do nothing, kò sì sá. Ó dúró. He stood there with his hands out like this, and they still nicked him. Wọ́n tì í mọ́lé for seven months kí wọ́n tó ní sorry. So ẹ má sọ fún mi pé innocent people máa ń sá. My brother ò sá."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ kó dá ọmọ yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Mo tún fẹ́ fi ọwọ́ gbá tábìlì. Kí n tó yan ọ̀kan, ó ti gbé ọwọ́ sókè.

Mẹ́wàá sí méjì. Bàbá Sydenham dìde nínú kóòtù, ó sọ ọ́ ketekete. Habeebullah di igi tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ wà lókè níbi tí ará ìlú ń jókòó sí. Ó ń wo ojú wa lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, nígbà tó dé orí híjáàbù mi, ojú rẹ̀ dúró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé èmi kọ́? Òfin ò gbà. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé, wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni adájọ́ á sọ iye ọdún tó máa lò.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń wà bọ́ọ̀sì, mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi, bíírò wà lọ́wọ́ mi, adájọ́ ní ṣé ìbéèrè wà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo mú ṣòkòtò Tàjùdéèn kan tí kò nílò àtúnṣe, mo gba Rye Lane lọ, mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà.

Alhájì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Àsàlámù àlékùn, bàbá."

"Wàálékùn sàlámù, ọmọ mi. Dìde, dìde." Wọ́n gba ṣòkòtò náà, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ṣì wà lórí orúnkún mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ igbe yẹn, ráká wo lẹ wà?"

Wọ́n wò mí. Wọn ò bínú rárá. "Ìkejì," ni wọ́n wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde sí i ni."

"Ẹ sì parí ìrun yín?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo rò pé àwọn ọmọ tó máa ń ṣeré nísàlẹ̀ ni. Mo parí ẹ̀, mo sálámà, mo ka tẹ̀sùbáà mi. Orúnkún yìí náà kì í sì í jẹ́ kí n tètè dìde. Ìgbà tí mo dìde tán ni mo rántí igbe yẹn, mo ní kí n yọjú wò."

Tẹ̀sùbáà pàápàá. N kò tilẹ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn nígbà tí mò ń jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù?"

"Ta ló bi mí? Mo sọ fún wọn pé mò ń kírun. Ẹni tó bá mọ ìrun ti mọ ohun tí mo sọ." Wọ́n gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀. "Àti pé mo rí ẹ níbẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn, híjáàbù aláwọ̀ ewé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní Alhamdulillah, ọmọ wa kan wà láàárín wọn, bí nǹkan bá rú wọn lójú, á ní kí wọ́n bi mí. Nígbà tí ẹ wá ní ó jẹ̀bi, mo ní ó dájú pé ẹ ti rí ohun tí èmi ò rí."

"A ò rí nǹkan kan, bàbá. Ohun tí ẹ rí ni wọ́n gbára lé."

Ọwọ́ wọn bọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, bàbá."

"Ọ̀wọ̀," ni Alhájì wí. "Ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́wọ̀n, o ní ọ̀wọ̀."